Ìrora ẹ̀yìn ọdún mẹ́fà àti ohun tí hypnosis lè ṣe sí i

Ìbéèrè: Ọdún 6 rèé tí ẹ̀yìn ti ń ro mí, láti ìbàdí títí dé itan. Mo ti ya àwòrán MRI lẹ́ẹ̀mejì, dókítà ní kò sí ohun tó gba iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Mo ti lo oògùn, mo ti ṣe físíò. Ní báyìí, nọ́ọ̀sì kan ní kí n gbìyànjú hypnosis, ìtọ́jú tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí ọkàn ènìyàn kó jọ sójú kan, tí wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ dá àbá fún un. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, àfi bí ẹni pé ó ń sọ pé èmi ni mò ń fi ọkàn ara mi dá ìrora sílẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ rà mí níyè. Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́? Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ìbínú tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, torí bí a bá fi í sílẹ̀ láìyanjú, ohun yòówù tí mo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní wọ̀ yín létí.

Ìrora yín kì í ṣe àròsọ, ẹ kò sì fọwọ́ ara yín dá a sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé gbogbo ìrora pátá, títí kan ti ẹni tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lọ́wọ́, ọpọlọ ló ń ṣe é. Iṣan ara, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nerve, kì í gbé ìrora. Ìròyìn ni wọ́n ń gbé. Ọpọlọ ló ń gba ìròyìn náà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á wá pinnu bóyá kó dun ènìyàn àti bí yóò ṣe dùn ún tó. Ìdí nìyẹn tí agbábọ́ọ̀lù fi lè fara gbọgbẹ́ kó má mọ̀ títí ìdíje á fi parí, tí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ sì lè máa sunkún pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ń ro òun. IASP, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa ìrora, tún ìtumọ̀ ìrora kọ ní 2020, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí mo máa ń kà fún àwọn tí mò ń tọ́jú: bí ènìyàn bá ní nǹkan ń ro òun, ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún ohun tó sọ. Ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì yẹn gbà gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lè má dára tó, ṣùgbọ́n àbá rẹ̀ kò burú.

Ìrora tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta ni à ń pè ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ọgbẹ́ tuntun. Ẹ wo ajá tó ń ṣọ́ ilé. Lóru ọjọ́ tí olè wọlé, ó gbó, ó jí gbogbo ará ilé, ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ewé bá já bọ́, á gbó. Bí ológbò bá kọjá, á gbó. Bí afẹ́fẹ́ bá mi ilẹ̀kùn, á gbó. Olè ti lọ tipẹ́. Síbẹ̀ gbígbó náà kì í ṣe irọ́, etí gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó ń rí oorun sùn. Irú nǹkan báyìí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí iṣan ara àti mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn nígbà tí ìrora bá pẹ́: wọ́n á máa ta gìrì sí ohun tí kò tó nǹkan. MRI kì í ya àwòrán èyí.

Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall, olùwádìí méjì lórí ìrora, ṣàlàyé pé ohun kan bí ẹnu ọ̀nà wà nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìròyìn ìrora ń gbà kọjá, àti pé ọpọlọ lè ránṣẹ́ wá láti òkè pé kí wọ́n ṣí i gbayawu tàbí kí wọ́n pa á dé díẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ti tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe nínú àlàyé náà, àmọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró: ọpọlọ kì í kàn gba ìròyìn, ó máa ń fèsì. Fífèsì yẹn ni hypnosis ń kọ́ ènìyàn.

Ìwádìí tí mo máa ń sọ jù fún ẹni tó bá bi mí bóyá òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Pierre Rainville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Montreal, tó jáde ní 1997. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ki ọwọ́ bọ omi tó gbóná débi tó ń dunni, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ohun tí ọpọlọ wọn ń ṣe. Nínú hypnosis, wọ́n sọ fún wọn nígbà kan pé ìrora náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà mìíràn, wọ́n ní yóò yọ wọ́n lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi kò yí padà o, ìgbóná kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ṣe ń yí ni apá kan nínú ọpọlọ ń yí, apá tó wà láàárín lápá iwájú, tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá ń dà wá láàmú. Apá kejì, tó ń sọ fún wa ibi tí ìrora wà àti bó ṣe le tó, kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Nígbà tó di 2001, ìwádìí mìíràn láti ọ̀dọ̀ wọn jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn ni pé kí líle ìrora náà fúnra rẹ̀ dín kù tàbí kó pọ̀ sí i, apá kejì yẹn ló sì wá yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Èdè wa ti ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹ̀rọ kankan tó dé. "Ó ń ro mí" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "ó ń dà mí láàmú". Ẹ̀yìn lè máa ro ènìyàn, kó sì tún lè jókòó ti ọmọ rẹ̀, kó rẹ́rìn-ín, kó sùn. Ẹ̀yìn kan náà lè dà á láàmú débi pé kò ní lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Nínú àwọn tí mo ti tọ́jú, "ó ń dà mí láàmú" ló sábà máa ń kọ́kọ́ dẹ̀. "Ó ń ro mí" máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lára àwọn kan; lára àwọn mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, síbẹ̀ wọ́n ní ayé àwọn ti yàtọ̀. Ẹni tí kò tíì gbé pẹ̀lú ìrora rí lè rò pé èrè kékeré nìyẹn. Ẹ̀yin kò ní rò bẹ́ẹ̀.

Ní ti ríra níyè: orúkọ rẹ̀ ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. James Braid, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1843. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí oorun ló ti fà á yọ. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi rí i pé orúkọ náà kò ṣe wẹ́kú, tó sì ń wá òmíràn tí yóò fi hàn pé èrò kan ṣoṣo ló gba ọkàn. Ẹni tó wà nínú hypnosis kò sùn. Ó ń gbọ́ ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá níta, bí iná bá sì ń jó nínú ilé, á dìde, á sá. Ẹ̀yin náà ti wọ irú ipò yẹn rí láìmọ orúkọ rẹ̀: ọjọ́ tí ìtàn kan gbà yín lọ́kàn débi pé wọ́n pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbọ́. Àfiyèsí yín ló kó jọ sójú kan. Kò sí ẹni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe èèdì, kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Bí ẹ bá ní ẹ kò ṣe mọ́, ẹ óò lajú, ó parí. Àwọn tó ń fi í ṣeré lórí ìtàgé, ńṣe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dán èrò ìwòran wò, wọ́n á sì ṣa àwọn tó ń tètè wọ̀ lára, tí wọ́n sì fẹ́ jáde síwájú, nínú wọn.

Ewu gidi kan wà ṣá, ibi tí àwọn ènìyàn kì í wò sì ni. Hypnosis kì í hú òótọ́ jáde láti inú ìrántí. Ó lè mú kí ènìyàn "rántí" ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá, kó sì dá a lójú bí ojúmọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ mú yín padà sí ìgbà èwe yín láti wá ohun tó fa ẹ̀yìn ríro, ẹ dìde níbẹ̀. Mi ò fi ìyẹn ṣeré. Mo ti rí ẹbí tí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ tú ká.

Báwo wá ni ìtọ́jú náà ṣe máa ń rí? Ìpàdé àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lásán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò béèrè bí ìrora náà ṣe rí: ṣé ó ń ta ni, ṣé ó ń jó ni, ṣé ó ń fà, ṣé ó wúwo bí ìgbà tí nǹkan jókòó léni lẹ́yìn? Yóò béèrè ohun tó ń dín in kù, ìgbà tó máa ń le jù, ohun tí ẹ ti pa tì nítorí rẹ̀. Yóò tún béèrè ibi tí ara ti máa ń tù yín. Kí n tó mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí, mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá pé kó fọkàn yàwòrán ara rẹ̀ létí odò tó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí àga. Odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ ní kékeré. Mo tọrọ àforíjì, a dá a dúró, a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan mìíràn lọ́sẹ̀ kejì. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń béèrè kí n tó yan àwòrán fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "èyí kò bá mi lára mu".

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ óò wà níbi tí ara ti rọ̀ yín, ẹ óò tẹjú mọ́ ohun kan tàbí kí ẹ di ojú, ẹ óò sì máa tẹ̀ lé èémí yín. Bí ara bá ti ń dẹ̀, tí ọkàn sì ń kó jọ, ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Èyí ni irú ohun tí èmi lè sọ fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń jó bí iná:

"Bí ẹ ṣe ń mí síta, ẹ lè kíyè sí ibi tó ń jó yẹn. Kò pọn dandan kí ẹ bá a jà. Ẹ kàn máa wò ó, bí ẹni tó ń wo iná ní òkèèrè. Ó lè jẹ́ pé ó ní àwọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ní etí, ibi tó parí sí, tí ara tó kù sì wà ní àlàáfíà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá wù yín, ẹ jẹ́ kí ìtura láti ara tó kù yẹn máa wọ etí rẹ̀, bí omi tútù ṣe ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ, díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè rí i pé ó ń súnkì. Ẹ sì lè rí i pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín mọ́."

Ṣé ẹ rí i pé kò sí àṣẹ nínú rẹ̀? "Ẹ lè", "nígbà tó bá wù yín". Àbá ni gbogbo rẹ̀, ọpọlọ yín ló ń yan èyí tó bá a mu. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ń bá "ó ń dà mí láàmú" sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń bá "ó ń ro mí" sọ̀rọ̀. Mo máa ń fi méjèèjì sí i, nítorí n kì í mọ̀ ṣáájú èyí tí yóò wọlé. Lẹ́yìn náà ni a óò so ìtura yẹn mọ́ àmì kékeré kan, bíi kí ẹ fi àtàǹpàkò kan ìka ìlábẹ̀, kí ẹ lè máa lò ó níta nígbà tí ìrora bá gbé ìṣe rẹ̀ dé. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ẹ béèrè bóyá ó máa ń ṣiṣẹ́. Ní 2019, àwọn olùwádìí kó àbájáde ìdánwò 85 jọ, tí àwọn tó kópa nínú wọn jẹ́ 3,632. Lára àwọn tí hypnosis tètè ń wọ̀ lára, tí wọ́n sì gba àbá tó dojú kọ ìrora gan-an, ìrora dín kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tó wà láàárín, nǹkan bí ìdá 29. Èso rẹ̀ kéré lára àwọn tí kì í wọ̀ lára. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹ gbé iye yìí lé ẹ̀yìn yín lọ́wọ́: ìrora inú ìdánwò ni, ti ooru, ti òtútù, ti ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ohun tí kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní ti ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, àwọn ìwádìí tó wà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ju kí wọ́n máa retí lásán lọ, ìrànlọ́wọ́ náà sì mọ níwọ̀n. Bí wọ́n bá fi í wé àwọn ìtọ́jú ọkàn mìíràn tó dára, ìyàtọ̀ àárín wọn kì í pọ̀.

Ibi tí ẹ̀rí ti lágbára jù wà. Ní 1995, ìgbìmọ̀ kan tí iléeṣẹ́ ìlera NIH ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ sọ pé ẹ̀rí tó múná dóko wà pé ó ń dín ìrora jẹjẹrẹ kù. Ti ìfun tún wà, àìsàn inú rírun tí wọ́n ń pè ní IBS: láti 1984 ni Peter Whorwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester ti fi hàn pé hypnosis tí wọ́n darí sí ìfun ń ṣiṣẹ́ fún un, àjọ NICE, tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì gbà pé kí wọ́n ronú nípa rẹ̀ fún ẹni tí oògùn kò bá ràn lọ́wọ́ fún oṣù 12. Ní Liège ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, láti 1992 ni Marie-Elisabeth Faymonville àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń lò ó nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú oògùn tó ń mú kí ibi tí wọ́n fẹ́ gé má mọ ìrora àti oògùn díẹ̀ tó ń fi ara balẹ̀, kódà fún iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ní ọrùn. Ẹni tí wọ́n ń gé lára wà lójúfò.

Ẹ ti ṣàkíyèsí pé mo ń sọ "àwọn tó ń tètè wọ̀ lára". Bí gíga àti kúkúrú ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wà láàárín, díẹ̀ wà lókè, díẹ̀ wà nísàlẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà; nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1989, wọ́n tún àwọn ènìyàn dán wò lẹ́yìn ọdún 25, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì wà ní nǹkan bí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n tàbí ìwà òmùgọ̀, kì í sì í ṣe àmì pé ọkàn ènìyàn kò lágbára. Bí kò bá wọ̀ yín lára, ẹ kò jẹ̀bi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ kò gbà á gbọ́ tó.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọ̀. Hypnosis lè bo ìrora mọ́lẹ̀, ìrora kan sì wà tí kò yẹ kí á bò. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣàdédé di aláìlágbára, bí ojú abẹ́ tàbí àárín itan bá kú, bí ìtọ̀ bá kọ̀ láti jáde tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń yọ́ lọ láìmọ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ibà bá ń bá ẹ̀yìn ríro rìn, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dá a dúró de ìpàdé kankan. Ẹ má sì fúnra yín dá oògùn dúró nítorí pé ara ti ń tù yín. Oògùn ìrora tó lágbára, pẹ̀lú gabapentin àti pregabalin, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín wọn kù, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹni tó bá sì ní àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn tí kò sí, kó kọ́kọ́ bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ta ni kí ẹ lọ bá? Ìdánwò tèmi kò le: ṣé ẹni yìí lè tọ́jú ìrora yín bí kò bá sí hypnosis rárá? Dókítà, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà, nọ́ọ̀sì, oníṣègùn físíò tó lọ kọ́ hypnosis kún iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn dára. Ẹni tí kò ní ju hypnosis lọ lọ́wọ́, gbogbo àìsàn ni yóò fẹ́ fi í wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn hypnosis lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì. Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, àjọ tó fún un ní ìwé àṣẹ, àti iye ènìyàn tó ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ti tọ́jú. Bó bá ṣèlérí pé ìpàdé kan ṣoṣo yóò mú ìrora ọdún mẹ́fà kúrò, ẹ máa lọ sílé.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni èyí tí ẹ óò máa ṣe fúnra yín nílé. Ìpàdé mẹ́rin sí mẹ́jọ ni mo máa ń lò pẹ̀lú ènìyàn, mo sì máa ń gba ohùn mi sílẹ̀ fún un kó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, títí kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń súni. Ọkàn á máa rìn kiri, ẹ óò máa rò pé ẹ kò ṣe é dáadáa. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ nǹkan mẹ́ta sí i lálaalẹ́: bó ṣe ń ro yín, láti òdo dé mẹ́wàá, bó ṣe dà yín láàmú, láti òdo dé mẹ́wàá, àti ohun kan tí ẹ ṣe lónìí tí ẹ kì í lè ṣe. Bí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá yí padà rárá lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ti fún un láǹfààní tó tọ́ sí i, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ jọ wo ọ̀nà mìíràn.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ. Ẹ mú físíò yín dání, ẹ má fi èyí rọ́pò rẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ tí ẹ̀yìn ń ro máa ń tijú láti sọ ni pé àwọn kò lè jókòó sójú kan fún ìdajì wákàtí. Ẹ tètè sọ ọ́. Ẹ lè dùbúlẹ̀, ẹ lè yíra padà láàárín rẹ̀, mo tilẹ̀ ti tọ́jú ọkùnrin kan tó ṣe gbogbo ìpàdé rẹ̀ lórí ìdúró, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó wọ̀ ọ́ lára bẹ́ẹ̀ náà.